Irin Tí Kò Fẹ́ Sọ̀ Kalẹ̀

Lọ́jọ́ tí Alága Kọ́láwọlé gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Agric, ẹjọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò kó tó rántí pé òun kò tíì kí mi. Mo ní kó kọ́kọ́ kí mi ná. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìwà kan wà tí kì í bá ènìyàn fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìkòròdú títí irun orí mi fi funfun. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni. Mo máa ń rọra tọ́ wọn sọ́nà pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà. Wọ́n á káàánú mi, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Alága ń ta irin ìkọ́lé nítòsí ibùdókọ̀ Benson, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kan nílùú wa. Ẹgbẹ́ náà ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ kọjá Alága, nítorí pé àgbà ni. Nítorí náà, láràárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn géńdé tí wọ́n wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí awọ ẹja, lórí kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó máa sáré bí atẹ́gùn, tí wọ́n ń rọra tẹ̀lé Alága bí ẹni ń sin òkú lọ sí itẹ́. Màmá kan tó ru igi ìdáná kọjá lára wọn rí. Ó kí wọn pé wọ́n kú ìnira.

Ohun tó gbé Alága wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ àna ni. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Sídí ìyàwó rẹ̀, láti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti Ìsàlẹ̀ Èkó wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí bàbá Sídí kú, ẹ̀gbọ́n Sídí ọkùnrin, Alhaji Múfú, ló di olórí ilé. Alága ju Alhaji lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tó wá fẹ́yàwó kì í bá àna rẹ̀ ka ọjọ́ orí. Alága á dọ̀bálẹ̀, Alhaji á sì ní, "Ọkọ Sídí, o dé? Jókòó." Ọ̀rọ̀ "o" yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo, ló ń dun Alága bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀.

Lásìkò Iléyá kan, Alága fi àwòrán ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ han àwọn àna rẹ̀. Alhaji wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ Sídí, bí o bá wa nǹkan yìí láti Ìkòròdú dé ẹnu ọ̀nà mi láì sọ̀ kalẹ̀, màá máa pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n. Màá sì máa fi 'ẹ' bá ọ sọ̀rọ̀." Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni Alága kò ti sùn dáadáa mọ́.

Ìṣòro rẹ̀ ni òkè tó wà lẹ́yìn Ìtòìkín. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ náà á sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa ti tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Láàárín kẹ̀kẹ́ eléré, nídìí pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àwo irin eléyín méjì ló wà, ńlá àti kékeré. Ńlá wà fún ibi tó tẹ́jú, kékeré wà fún òkè. Bí àwo bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn tó. Irin kan tó tẹ̀ kọrọdọ wà lókè wọn tó há ṣéènì sáàárín. Òun ló ń tì í láti orí àwo kan bọ́ sórí èkejì. Atiṣéènì là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n àwo tí yóò bá ṣiṣẹ́, bí fìlà ṣe ń bá orí mu. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ eyín àwo ńlá bí ẹni fẹ́ kàn án, kó má sì kàn án.

Alága ti ra àwo tuntun méjì tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dè wọ́n mọ́ ọn, atiṣéènì rẹ̀ wà lókè réré bí ẹni tó gun àga ìdájọ́. Ara etí irin kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù, egungun kẹ̀kẹ́ náà, ló so mọ́, ihò etí náà kò sì gùn tó láti fà á wálẹ̀.

Mo ní, "Alága, irin yìí kò lè sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tí wọ́n ṣe fún àwo kékeré."

"Kékeré wo? Tíṣà, irú irin yìí ni àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń lò. Ẹ fẹ́ kí n fi ti ọmọdé sí i?"

"Ẹsẹ̀ àwọn yẹn ló bá a mu, Alága."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹnì kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lọ́nà ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà. Ìyẹn fi fáìlì irin yún ihò etí náà kó lè gùn. Irin sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìrù rẹ̀ lọ kan férémù. Ó bá fi pínsà ká ìrù náà sókè. Nígbà tí mo rí i, mo sọ fún Alága pé ṣéènì yóò já bọ́ lórí òkè. Ó ní kí n máa bá wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé, kí n wá wo bí yóò ṣe já bọ́.

Mo gbé irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ mi, mo tẹ̀ lé wọn. A kọjá Ìmọ̀ta, kò sí wàhálà, nítorí Alága kò tíì fọwọ́ kan gíà. Ní òkè Ìtòìkín, ó tẹ gíà kí ṣéènì lè bọ́ sórí àwo kékeré. Atiṣéènì ti ṣéènì kọjá àwo kékeré, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Ẹsẹ̀ Alága ń yí lófo, kẹ̀kẹ́ dúró, bàtà rẹ̀, irú èyí tí àwọn eléré ń há mọ́ pẹ́dàlì, kò sì tètè tú. Ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè yà kọjá o, àyè wà. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Òun náà ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì, ẹnì kẹta. Gbogbo ẹgbẹ́ ṣubú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Alága. Kò béèrè bóyá egungun kan ṣẹ́.

"Tíṣà, ẹ rí i pé mi ò sọ̀ kalẹ̀?"

"Ẹ ṣubú ni, Alága."

"Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ẹ̀yin lolùkọ́."

Mo gbà pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n má tú bàtà òun o. Báyìí ni mo ṣe tún kẹ̀kẹ́ ṣe tòun ti ẹni tó ni ín, tí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sẹ́bàá títì, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè. Mo tú atiṣéènì kúrò pátápátá, mo jù ú sápò, mo sì fi ọwọ́ gbé ṣéènì lé àwo kékeré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé òun àti kẹ̀kẹ́ nàró pọ̀, wọ́n tì í títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó gun òkè náà. Àwo kékeré ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ní yóò ṣe é.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, Alhaji Múfú àti gbogbo ilé ti wà níta. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti fi fídíò ìṣubú náà ránṣẹ́ ṣáájú wa. Alága wà á dé ẹnu ọ̀nà gan-an kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, orúnkún tó ti bó kọ̀ fún un. Alhaji di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti dọ̀bálẹ̀ ní Ìtòìkín."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Sídí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alága kò bínú. Ó yíjú sí mi, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá mo gbọ́ "ẹ" yẹn. Mo ní mo gbọ́ ọ kedere.

Inú rẹ̀ dùn títí a fi jẹun tán. Ìgbà náà ni Alhaji ṣàlàyé pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá ni "ẹ" wà fún. Ọjọ́ tó bá fi mọ́tò wá, Ọkọ Sídí ni.

Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, Alága ti jókòó síta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé mi. Ó wá ní kí n wá atiṣéènì tó bá àwo kékeré mu, èyíkéyìí, kò kan òun ẹni tó ń lò ó. Nígbà tí mo dè é tán, mo yí pẹ́dàlì fún un kó rí bí ṣéènì ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀ láì dún. Kò wò ó.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé yóò gbé mi dé Ẹ̀pẹ́ ní Iléyá?"