Aṣọ Iṣẹ́ Tí A Kò Fọ̀

Ohun tó ń kó Kòlábàwọ́n nírìíra jù kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ tó jóná, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Inú ọ̀rá dúdú ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn lára, òórùn rẹ̀ sì ti ń jáde. Obìnrin tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nílé alágbàfọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kòlábàwọ́n nítorí pé ojú rẹ̀ kì í fo àbàwọ́n bó ti wù kó kéré mọ, òun ló wá ń bá irú ẹ̀gbin yìí sun yàrá kan náà. Omi tútù àti iyọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́, kó tó gbẹ. Gbogbo ẹni tó ń fọṣọ jẹun ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n rẹ ẹ́ sómi. Ọwọ́ òsì mi ò kúkú ṣe nǹkan kan."

"Jẹ́ kí omi kàn án, kí èmi pẹ̀lú ẹ jọ wọ ṣòkòtò kan náà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fèsì. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ irọ́ tó so táì mọ́rùn. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti farapa ló ti kìlọ̀ fún un: má fọ nǹkan kan, má fọwọ́ sí ìwé kankan, má sì pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀pá irin kan níwájú. Bí ìka èèyàn bá kan ọ̀pá náà, ẹ̀rọ á dúró. Ṣùgbọ́n bí etí aṣọ tó nípọn bá kàn án, á tún dúró, iṣẹ́ á sì máa falẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á mú àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi so ọ̀pá mọ́ ara ẹ̀rọ kó má baà mì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, wọ́n á tú u. Lọ́jọ́ náà, Kòlábàwọ́n ló kọ́kọ́ dé, òun ló so ó. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ẹ̀rọ fa aṣọ, ó fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọn dé ọrùn ọwọ́, kò sì dúró títí ẹnìkan fi sáré pa iná.

Máníjà ilé alágbàfọ̀ náà ò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn ló gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpara kun ọwọ́ tó ti bó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Inú ọkọ̀ ni ọkùnrin náà ti ń kọ́ ọ lóhun tó máa wí: "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní omi gbígbóná ló dà sí yín lọ́wọ́ nílé." Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á lọ sílé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó dúró tì í títí ó fi sọ òótọ́, tí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú káàdì: ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ, aago mẹ́wàá àárọ̀. Dókítà ní bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọwọ́ náà, ìka ò ní ká mọ́. Agbẹjọ́rò kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ sì ti ní ilé iṣẹ́ ló yẹ kó gbé ìtọ́jú náà, àyàfi bí Kòlábàwọ́n bá fẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà yìí, Máníjà wá kí i. Ó ra ọsàn wá. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó bó ọ̀kan nínú ọsàn aláìsàn, ó ń mu ún, ó ń tu kóró rẹ̀ sínú àwo tí Kòlábàwọ́n ń kó oògùn sí. Kòlábàwọ́n ń wo omi ọsàn tó ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà, ó ń wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó pé pérépéré. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n jáde lọ sẹ́yìnkùlé ni ọkùnrin náà tó yọ bébà.

"Ìyá wa, àdúrà yín là ń gbà níbi iṣẹ́. Ẹ kàn bá wa tẹ̀ka síbí, kí fáìlì yín lè pé. Èèyàn dáadáa ni yín, ẹ ò ní fẹ́ ba ilé iṣẹ́ jẹ́."

Eku tó ń jẹni tó tún ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló dá so ọ̀pá ẹ̀rọ láìgbàṣẹ, pé ilé iṣẹ́ ò mọ̀ sí i, pé òun ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Páàdì íńkì ti wà nínú àpò Máníjà. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò lè mú bírò, ó ti rò ó wá látilé.

Ẹ̀rù ba Kòlábàwọ́n, torí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Òun ló so ó lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló ti fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ti wà lórí íńkì.

"Ṣé ẹ ṣì máa tọ́jú ọwọ́ mi, sà?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná. Àkísà tí ẹ fi so ó gan-an, a ti sun ún, kò sẹ́ni tó máa fi dójú tì yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bó bá jẹ́ ẹ̀bi òun nìkan, kí ni wọ́n ń sun àkísà sí? Ìgbà yẹn ló tó rántí ẹni tó ń gé e. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, Máníjà fúnra rẹ̀ ló ń fi àlùmọ́gàjí gé àkísà náà lára aṣọ tó ti gbó, á fún oníkálukú ní méjì, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan fún ìpamọ́. Ahun sì ni. Kí wọ́n má baà mú un lọ nu tábìlì nílé wọn, íńkì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ oníbàárà ló fi ń kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí i lára, tó sì ń buwọ́ lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó pè, "ẹ bá mi gbé ọ̀rá yẹn."

Ẹ̀gbọ́n wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e wá. Nígbà tí wọ́n tú u, òórùn gba yàrá kan. Máníjà fi áńkáṣíìfù bo imú. Kòlábàwọ́n ki ọwọ́ òsì bọ àpò aṣọ tó ti gan, ó fa àkísà ìpamọ́ rẹ̀ yọ. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín, síbẹ̀ "Ẹ̀rọ Kẹta" hàn gbangba, orúkọ Máníjà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Íńkì yín nìyí, sà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kì í ṣí. Èmi ni mo so ó. Ta ló gé e fún mi?"

Máníjà na ọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ sáàárín.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ló ń lọ lọ́la."

Ọkùnrin náà ká bébà rẹ̀, ó ti páàdì bọ àpò, ó dìde. Ó dẹ́nu ọ̀nà tán, ó padà wá gbé ọsàn tó kù.

Kòlábàwọ́n da kóró nù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a fi ọṣẹ fọ àwo, ó bá a fọ àtàǹpàkò, Kòlábàwọ́n ní kó tún un fọ̀, ó tún ní kó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà, Kòlábàwọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ dá aṣọ iṣẹ́ àti àkísà náà padà sínú ọ̀rá bó ṣe wà, ó sì gbé e sítòsí ìrọ̀rí rẹ̀.