Ọdún Tí Ọkọ̀ Bàbá Mi Ń Wúkọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá kí mi. Àgbà ọkọ̀ ni, ó ní túbò, ó sì ń fi í yangàn. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè: ó sáré díẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń rò ó bóyá kóun máa bọ̀ tàbí kóun padà, ó wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ẹ̀gẹ́ tí mò ń bó sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tí ó pè fi wáyà so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọkọ̀ ọ̀hún, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní búùjì kan, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ló ti kú, ó parí. Kò bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní ìbéèrè kankan. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, ọkàn mi sì ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Múnírá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi nìkan ló ní ọkọ̀ túbò ní àdúgbò wa ní Ṣábẹ. Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pè é, bí a ti ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń wa ọkọ̀ náà lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ofè láràárọ̀. Àlòkù ni ó rà á ní Kútọnu, àwọn tó sì ti lò ó kó tó kàn án kò kéré. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ túbò sí i lẹ́yìn gàdàgbà, bàbá mi a sì máa nu ibẹ̀ kó tó nu gíláàsì iwájú.

Bàbá Múnírá ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ará Ìṣẹ́yìn ni, kò tíì pé ọdún méjì tó kó ìdílé rẹ̀ dé láti Nàìjíríà. Múnírá ọmọ rẹ̀ àti èmi jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé-ìwé. Kò gbọ́ Faransé, mo ń sọ ọ́ sí i létí. Èmi ò mọ ìṣirò, ó ń jẹ́ kí n wo tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa wọ̀ débi pé tí ìyá rẹ̀ bá pè é, èmi ni mò ń dáhùn.

Bí ọkùnrin yìí ṣe ń wá àìsàn ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ dé, kò ní ṣí i. Ó máa ní kí ẹ fi ẹnu ṣe bó ṣe ń ṣe. Ẹ wo bàbá mi, Mẹ́tìrì tí gbogbo ọmọ ń sá fún, tó dúró lábẹ́ igi máńgòrò níwájú èrò, tó ń ṣe "vùùù… vù… vùùù". Àwọn ènìyàn á máa fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mẹ́tìrì, ṣé ó ń wúkọ́ ni, àbí ó ń ṣiyè méjì?"

"Ó ń ṣiyè méjì. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ ronú ná."

"Ẹ ṣeun. Iná ló máa ń wúkọ́. Afẹ́fẹ́ ló máa ń ṣiyè méjì."

Ó ní túbò ò ju ẹwìrì alágbẹ̀dẹ lọ: èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Tí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bá ya, agbára á máa jò dànù. Ó po ọṣẹ sómi, ó fi ń pa rọ́bà náà lára bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, títí ó fi kan ibì kan tó ń hó. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tó parí iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Epo inú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó na bídọ̀n òfìfo kan sí mi, ó ní, "Bá mi sáré ra pẹtiróòlù lítà márùn-ún wá, kí o dà á sínú ọkọ̀ bàbá rẹ." Ó wá lọ ṣe àlùwàlá, torí àsìkò ìrun ti tó.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Ní ìhà Nàìjíríà, pẹtiróòlù ni ohun tí ọkọ̀ ń mu. Lọ́dọ̀ wa, ẹsáǹsì là ń pe ìyẹn, bí àwọn Faransé ti ń pè é. Pẹtirólù tiwa, epo àtùpà ni, èyí tí àwọn ará Ìṣẹ́yìn ń pè ní kẹrosíìnì. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti ń rán mi ní pẹtirólù, n kò sì béèrè nǹkan kan. Ìyá tó ń tà á wọn lítà márùn-ún fún mi. Bí mo ti ń dà á sínú ọkọ̀, mo kàn rò pé ọkọ̀ tó bá ní túbò, ohun mímu rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ lásán.

Bàbá mi wa ọkọ̀ délé láìsí wàhálà, torí ẹsáǹsì díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú ọ̀nà Ofè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó tún ń ṣiyè méjì, ó ń tu èéfín funfun, ó sì kú sójú títì. Wọ́n tì í padà wá. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti ń sọ ọ́ pé ará Nàìjíríà yẹn ò mọ túbò, ó ti ba ọkọ̀ Mẹ́tìrì jẹ́. Oníbàárà méjì wá gbé ọkọ̀ wọn kúrò lábẹ́ máńgòrò. Múnírá sọ fún mi pé bàbá òun ní tí òun ò bá rí àìsàn ọkọ̀ yẹn, àwọn máa padà sí Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Ó ń yọ wáyà búùjì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tẹ́tí. Ó ní èyí tí òun bá yọ tí ohùn ọkọ̀ ò yí padà, òun ni kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń ṣe ségesège. Ó tún fi ọṣẹ pa rọ́bà, kò hó. Ó pààrọ̀ búùjì, àwọn tuntun náà dúdú, wọ́n tutù. Òórùn epo àtùpà kò ṣàjèjì níbẹ̀, torí òun ló fi ń fọ irin, ìdí nìyí tí imú rẹ̀ kò fi tètè sọ fún un. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti Múnírá dé láti ilé-ìwé, a bá a tó gbé búùjì kan sí imú, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n fún òun ní ewé kan nínú ìwé mi. Ó kán epo inú ọkọ̀ náà sí i, ó kán ẹsáǹsì ọkọ̀ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sá a sóòrùn. Ẹsáǹsì gbẹ, kò fi àpá sílẹ̀. Èkejì fi ọ̀rá sílẹ̀ bíi bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà.

"Kí lo rà lọ́jọ́ yẹn?"

"Pẹtirólù, bí ẹ ṣe ní kí n rà."

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Má sunkún," ó ní. "Ẹnu mi ló ṣì ọ́ lọ́nà."

Ó fa epo náà jáde, ó da ẹsáǹsì sí i, ọkọ̀ sì ń lọ geere. Nígbà tí bàbá mi wá gbé e, èrò ti pé láti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Múnírá ní, "Mẹ́tìrì, ẹ má bínú. Epo tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Múnírá ló wò mí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Bàbá mi dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ohun tí èrò gbọ́ ni pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì tí kò mọ epo tí ọkọ̀ ń mu, ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún un? Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, abẹ́ máńgòrò ti ṣófo. Wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Múnírá kò bá mi jà. Ó fún mi ní ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ní òun ò ní lò ó ní Ìṣẹ́yìn, torí èdè mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀. N kò rí i mọ́ títí dòní. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó tí kò jáde mọ́, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ní, "Mo mọ̀. Aṣọ rẹ ń rùn bí àtùpà lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ wálé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó yé mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, Bàbá?"

"Ta ni kó gbọ́ pé ọmọ Mẹ́tìrì ló ba ọkọ̀ Mẹ́tìrì jẹ́?"

Inú ilé kan náà la ń gbé ní gbogbo ọdún yẹn, àwa méjèèjì mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ. Wọ́n ti gé máńgòrò náà báyìí, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Iná mànàmáná ti wọ ilé púpọ̀, àwọn ọmọ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní epo àtùpà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ṣì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá dárúkọ mẹkáníìkì ará Ìṣẹ́yìn, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín.

Múnírá á ti di ìyá ọlọ́mọ bíi tèmi. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé Ìṣẹ́yìn, tó pàdé obìnrin kan tó gbé Ṣábẹ nígbà èwe rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe, kó bá mi sọ fún un, kó sì jẹ́ níwájú èrò: bàbá rẹ̀ kò ba ọkọ̀ kankan jẹ́ ní Ṣábẹ. Èmi ni mo ra epo náà.