Ẹ́ńjìnnì Ńlá àti Òkè Igana

Ṣàmsídéènì ń tún mọ́tò ṣe ní Pobè, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Sakété. Ó ti lé lógójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ́ńjìnnì, olóríkunkun ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìdí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti máa ń sá fún iṣẹ́ tèmi.

Pacôme ló kọ́ ọ níṣẹ́. Láyé Pacôme, táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò lọ. Bí mọ́tò bá kọ́ ẹrẹ̀, èrò á bọ́ sílẹ̀, àwọn tó sanra nínú wọn á lọ jókòó sórí búùtù, táyà ẹ̀yìn á sì di ilẹ̀ mú. Kò sí awakọ̀ àgbègbè yìí tí kò mọ ìyẹn. Nígbà tí mọ́tò tí táyà iwájú ń fà dé, Pacôme ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, pé ẹni tó bá wá ti ẹ́ńjìnnì ńlá bọ irú rẹ̀ kò ní làákàyè. Ṣàmsídéènì tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń bá wí. Ó dun ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà, kò sì tẹ ilé ọ̀gá rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Flavienne, tó ń kó epo pupa láti Igana wá sí ọjà Pobè, ló fún un láyè láti dán an wò. Mọ́tò kékeré tirẹ̀, tí táyà iwájú ń fà, kò lè gbé ẹrù gun òkè Igana mọ́.

“Ṣàmsí, bó bá gùn ún, n ó sọ fún gbogbo elépo. Bí kò bá gùn ún, wàá yọ ẹ́ńjìnnì rẹ, wàá dá mótéè àtijọ́ padà sí i, n ó sì sọ ìyẹn náà fún wọn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ìbú ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì sí láàárín táyà iwájú méjèèjì, ti tuntun yìí sì gùn ju àyè rẹ̀ lọ. Ó gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì, ó jó irin òmíràn mọ́ ibẹ̀, ó wá ọ̀pá tó ń yí táyà tí gígùn rẹ̀ bá a mu, ó sì fi sípíríǹgì tó le sí iwájú. Ó wà á ní òfìfo lọ sí Sakété, ó wà á bọ̀. Mọ́tò ń fò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ẹ̀wà fún mi, ohun tí kò ṣe rí.

Lọ́jọ́ ọjà, òjò ti rọ̀. Séverin, awakọ̀ Flavienne, ló wa mọ́tò, Flavienne fúnra rẹ̀ jókòó tì í, kẹ́ẹ̀gì epo kún búùtù, èmi àti Ṣàmsídéènì wà lẹ́yìn. Bí a ti ń kúrò ní Igana, Pacôme tó lọ kí àna rẹ̀ dá wa dúró. Ṣàmsídéènì kí i. Pacôme kùn, ó wọ mọ́tò.

A dé ìdajì òkè, táyà iwájú ń yí lásán lórí ẹrẹ̀. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ àfi Séverin. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Pacôme ti lọ jókòó sórí búùtù, bó ṣe ń ṣe látìgbà èwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wúwo tó àpò ìrẹsì méjì. Imú mọ́tò gbé sókè, táyà túbọ̀ ń yí, ẹrẹ̀ ta sí aṣọ Flavienne.

“Ṣàmsí,” Flavienne ní, “lọ wá mótéè mi àtijọ́.”

Ẹ̀rù ba Ṣàmsídéènì. Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́ pé ibi tó jókòó sí kò dáa? Ó wo mọ́tò, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Patírọ́ọ̀n, ẹ má bínú. Iwájú ló ń fà á. Ẹ bá mi jókòó sórí kàpó.”

Pacôme pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ó gbé ìdí lé ẹ̀gbẹ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ṣàmsídéènì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi àti Flavienne kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kúrò nínú búùtù, a tò wọ́n síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Séverin rọra tẹ ẹ́. Táyà di ilẹ̀ mú, mọ́tò gun òkè náà tán.

“Ó gùn ún,” Flavienne wí. “N ó sọ fún wọn. N ó sọ ti kàpó náà.”

Pacôme kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ́tí.

“Ìjókòó ẹ́ńjìnnì apá òsì ń gbọ̀n,” ó ní. “Gbé e wá sílé mi lọ́la, ká jọ wò ó.”

 Ṣàmsídéènì fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú, ojú náà sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.