Àpótí Mẹ́tàlélógún ti Mùsíọ̀ Delwasse

Mùsíọ̀ Théophane Delwasse kú. Òtútù àyà ló pa á, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ìlú wa Vermaincourt, nílẹ̀ Faransé níbí, fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá sin ín. Mo wo aago. Èèyàn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí ríra búrẹ́dì.

Ẹ wá wo ẹ̀yẹ. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kọ́ ọmọ ìlú ní dùùrù, tí orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun tó láti fi bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, orin ẹlòmíràn ni wọ́n fi sin ín. Ẹnì kan láti ọ́fíìsì ìlú tẹ fóònù rẹ̀, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ológbò tí ilẹ̀kùn há nírù. Kò tíì dé ìdajì tí ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ fi já lù ú. Mùsíọ̀ Quesnoy, igbákejì méyọ̀ tó ń mójú tó àṣà, dúró gbọn-in, ó dorí kodò, bí ẹni pé ọṣẹ náà ló kú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ olóògbé, ẹ jẹ́ kí n wí. Odidi ọdún kan ni kò fi ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan dùùrù. Wàá máa fẹnu kọ orin inú ìwé, wàá máa fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní ohun tí ẹnu kò bá lè kọ, ọwọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo lu tábìlì títí mo fi rò pé màá gbẹ́ kànga. Lọ́jọ́ kan, mo bú u lábẹ́ èémí. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ. "Ọmọ mi," ó ní, "bí o bá fẹ́ bú mi, jẹ́ kó bọ́ sórí ìlù. O ti sáré jù."

Kì í kọ́ ẹni méjì ní orin kan náà. Á gbé ọwọ́ rẹ lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á fi rúlà wọn ìka rẹ bí télọ̀ tó ń wọn èjìká, á wá lọ hun orin tó bá ọwọ́ yẹn mu. Màdáámù Zélie Harduin tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé orin wa, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ òwú ló jẹ ìka rẹ̀ méjì. Delwasse kọ orin oníka mẹ́jọ fún un. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ka ìka rẹ̀, méjìlá ni mo bá. Èmi tí ìdí mi kì í gbé àga, ó kọ orin tó kún fún ìdákẹ́ fún mi. Ó ní kí n máa rí àyè bú òun.

Lókè ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ ló máa ń kọ. Tirẹ̀ kò sí níbì kankan. Mo bi í. Ó ní ẹni tó ránṣọ kì í kọ orúkọ sáyà oníbàárà. Mo ní àwọn télọ̀ Paris ń kọ ọ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí aṣọ wọn fi ń há èèyàn lọ́rùn.

Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú kó yàrá rẹ̀. Àpótí mẹ́tàlélógún. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí orúkọ ọmọ lórí ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Òfin ìlú sì ni pé iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá ti ju ọdún kan lọ, ká dà á nù. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ọ́fíìsì ìlú ni àwọn àpótí náà wà báyìí, omi ń kán lé wọn lórí. Ní Tọ́sìdeè, ọ̀túnla, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń kó bébà lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ yóò wá gbé wọn.

Lánàá, àwa mẹ́fà tí Delwasse kọ́ lọ bá Mùsíọ̀ Quesnoy. Màdáámù Zélie ló ṣaájú, ó ti wọ bàtà ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mùsíọ̀ Quesnoy, orin Delwasse ni."

"Màdáámù, orúkọ Delwasse dà níbẹ̀?"

"Orúkọ wa ló wà níbẹ̀. Àwa ló kọ ọ́ fún."

"Ẹ ò rí i? Tiyín ni nígbà náà. Kí oníkálukú mú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé iná ilé rẹ̀ wá gba tirẹ̀."

A ní ọ̀pọ̀ ti kó lọ sílùú míì, àwọn kan ti kú. Ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Sabri ọ̀rẹ́ mi bi í bóyá àwọn òkú náà máa lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín. Màdáámù Zélie wá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì ọkùnrin náà, pẹ̀lú ihò tí ìka kò sí. "Ta ni yóò fún ọwọ́ yìí níṣẹ́ àṣetiléwá?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin rẹ̀. A gbè é. A ń lu tábìlì ìjọba bí Delwasse ṣe kọ́ wa, kò sí ẹni tó sáré. Àwọn akọ̀wé yọjú láti yàrá gbogbo, ọ̀kan ń nu ojú. Quesnoy gbọ́ ọ dópin, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ó dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n orin kì í ṣe ìfọwọ́sí."

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Delwasse kọ̀wé sí ọ́fíìsì yìí kan náà pé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá ìkọ́rin gbóná ti kú. Ìgbà òtútù méjì ló fi kọ́ wa nínú kóòtù, tó ń fẹ́ èémí sí wa níka kí a tó tẹ dùùrù. Wọn kò rí mẹkáníìkì kan lọ́dún méjì. Báwo ni wọ́n ṣe rí ọkọ̀ akólẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ṣé bí èèyàn bá bẹ̀bẹ̀ fún ooru, iṣẹ́ wọn a máa pẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ pa á rẹ́, a máa yá?

N kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Orin tó wà nísàlẹ̀ yẹn tó irínwó. A kó orí jọ, a kọ gbogbo èyí tó wà lẹ́nu wa: mọ́kàndínlógún péré ni. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ìyókù kò sí lórí ilẹ̀ ayé mọ́, títí láé. A ti bẹ̀. A ti sunkún. A ti kọrin pàápàá.

Bí a ṣe ń lọ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó ní òǹtẹ̀. Ó ní ọjọ́. Ó ní nọ́ńbà òfin tó gùn ju rélùwéè lọ. Kò ní orúkọ. Mo ká etí rẹ̀ sókè, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ kankan kò sí. Quesnoy ní òun kọ́ ló kọ ọ́. Akọ̀wé rẹ̀ ní òun kọ́. Wọ́n ní méyọ̀ kò sí nílé.

Nítorí náà, ìwọ tí o pàṣẹ, ẹni yòówù kí o jẹ́: kí aago mẹ́jọ Tọ́sìdeè tó lù, ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún wa. Bí o kò bá ní ṣí i, wá kọ orúkọ rẹ àti ti bàbá rẹ sórí ìwé yẹn níṣojú wa, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ gbé àpótí àkọ́kọ́ sínú ọkọ̀.