Ìṣó Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wa. Láti ilé wa ní Addo títí dé ilé àdúrà, ẹsẹ̀ lásán ni. Ọ̀nà yẹn ò sì ṣe é fẹsẹ̀ lásán rìn rárá: ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé, ìṣó àti àfọ́kù ìgò ló kún ilẹ̀.

Bíríkìlà lọkọ mi, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Tó bá ti di àárọ̀ Sọ́ńdè, yóò ṣíwájú mi tòun ti sílípáàsì rẹ̀, yóò máa ṣa ìṣó sínú agolo mílíìkì kan. Ṣe ló máa ń wolẹ̀ bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.

"Ọlọ́run rẹ ò fẹ́ bàtà," á ní, "àmọ́ kò bá ọ ṣa ìṣó o."

Èmi náà á ní, "Ṣebí Ó rán ẹ."

"Gbẹ́nu sóhùn-ún jàre!" Á wá rẹ́rìn-ín.

Ìṣó ló pa á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìṣó. Níbi iṣẹ́ ní Awoyaya, ìṣó ara pákó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe lòun náà ṣe: ó fi igi gbá ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, ó da kẹrosíìnì sí i, ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó délé, ó ní ìṣó lásán ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi gan, kò lè la ẹnu gba ṣíbí. Dókítà ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, pé ọjọ́ tí ìṣó gún un gan-an ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́.

Mo sáré lọ sílé àdúrà. Mo kúnlẹ̀, mo gbààwẹ̀, mo tan àbẹ́là. Aríran kan ní òun rí i tó ń rìn. Mo di ìran yẹn mú gírígírí. Ọkọ mi kú lọ́sàn-án gangan, eyín rẹ̀ pa dé, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá mi sọ kó tó lọ.

Inú bí mi. Inú bí mi sí Ọlọ́run débi pé ẹni tó bá ti ní "Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀", mà á ní, "Kó wá sọ ọ́ fún mi nígbà náà!" Mi ò gbàdúrà mọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ń bẹ ikú pé kó wá mú èmi náà, ikú ò dá mi lóhùn.

Ìyá Ìjọ wa, àgbàlagbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ò yéé wá kí mi. Wọn kì í sọ pé àwọn rí ìran kankan nípa mi. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí ló dé tí Ọlọ́run ò gbọ́ tèmi?"

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀." Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. Nínú gbogbo ohun táwọn èèyàn sọ fún mi, ìyẹn nìkan ni kò bí mi nínú.

Nígbà tó di Sọ́ńdè kan, mo wọ sùtánà. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ o, ìjà ni mo fẹ́ lọ bá Ọlọ́run jà. Mo ki bàtà bọ ẹsẹ̀, kí gbogbo ìjọ lè rí i, kí wọ́n lé mi, kó parí. Mo dé ẹnu géètì, mo rí agolo mílíìkì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ìṣó inú rẹ̀ ti dípẹtà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo dìde, mo bọ́ bàtà, mo gbé agolo.

Kò sẹ́ni tó ṣa nǹkan kan lójú ọ̀nà látìgbà tó ti kú. Mo rí ìṣó kan tó kọ ẹnu sókè. Mo ti yẹ̀ ẹ́, mo ti ń lọ, kí n tó wẹ̀yìn. Ìyá Ìjọ ló ń bọ̀ nínú sùtánà, lẹ́sẹ̀ lásán, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ wò. Mo padà, mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa á. Mo ṣa òmíràn. Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa, ọwọ́ ni mo fi ń wá wọn.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n dúró. "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

Mo ju ìṣó ọwọ́ mi sínú agolo.

"Ẹni tó rán ọkọ mi ni, Màmá."