Máńgòrò Tí A Kò Gbìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ọ̀pìn, ilẹ̀ tí a ń dáko sí kì í ṣe tiwa. Ìdòfin ni bàbá mi ti wá fẹ́ ìyá mi, ẹni tó bá sì ti ìlú mìíràn wá, ńṣe ni yóò tọrọ ilẹ̀. Bàbá àgbà kan ló fún un, pẹ̀lú àdéhùn kan ṣoṣo: kó gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ohunkóhun tí a lè kó tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè rò pé ahun ni bàbá náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, igi ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ tó sì ń ká èso rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lè wí lọ́jọ́ iwájú pé bàbá òun ló ni ilẹ̀ náà.

A kò gbin igi. Ṣùgbọ́n a máa ń jẹ máńgòrò lóko, a sì máa ń ju kóró rẹ̀ nù. Ọ̀kan hù lẹ́bàá ahéré. Bàbá mi fẹ́ fà á tu, ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó dàgbà, kí òun lè rí ìbòòji tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí. Ó ní ohun tó hù fúnra rẹ̀, ta ló gbìn ín? Mo ti gbé àwíjàre yẹn yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ó bá ọ̀rọ̀ inú àdéhùn náà mu. N kò rò pé ó bá ọkàn ẹni tó fún wa ní ilẹ̀ mu.

Ọdún tí igi náà kọ́kọ́ so ni bàbá onílẹ̀ yọ sí wa. Ó ń yí igi náà po, ó ń wo èso rẹ̀, títí ara bàbá mi kò fi gbà á mọ́.

"Bàbá, a kò gbìn ín," ni ó wí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ kò ní í jẹ ẹ́ náà?"

Ó lè gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ní láti òní lọ, òun ló ni igi náà. Èyí tó bá jábọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni tiwa. A kò gbọdọ̀ gùn ún, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lókò.

Àwa ọmọdé ṣe àríyànjiyàn lórí òfin yẹn bí agbẹjọ́rò. Bí ẹyẹ bá ṣá a jábọ́ ńkọ́? Ìyá mi ní ẹyẹ kò sí nínú àdéhùn, ká jẹ ẹ́. Bí àbúrò mi obìnrin bá fẹ̀yìn ti igi tí ó sì mì? Ìyá mi ní kó lọ fẹ̀yìn ti ògiri ahéré.

Nígbà tó yá, bàbá onílẹ̀ kú. Àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Ìlọrin wá, ó ní àlejò tó gbin igi ti fi ohun tó ń wá hàn, kí a kó ẹrù wa. Iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta lábẹ́ ebè ni. A kò ní oko mìíràn. Bàbá mi ń ṣàlàyé, ọkùnrin náà kò fetí sí i. Ó yíjú sí àbúrò mi obìnrin, ó bi í lẹ́ẹ̀kan náà pé ta ló máa ń gun igi yìí nínú wa.

"A kì í gùn ún, sà. Tiyín ni èyí tó wà lókè. Afẹ́fẹ́ ló máa ń bá wa ká tiwa, ó sì ń ṣọ̀lẹ."

Ọkùnrin náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó ní kí a máa dáko wa lọ, bí bàbá òun ṣe wí náà ni. N kò lè búra pé èsì ọmọ yẹn nìkan ló yí i lọ́kàn padà. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ kò ní í kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí padà. Yàrá tí mo háyà ní Ìlọrin lónìí, àdéhùn rẹ̀ gùn débi pé mo buwọ́ lù ú kí n tó kà á dé ìdajì. Fóònù mi pàápàá ń tọrọ àṣẹ lójoojúmọ́, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. N kò sọ pé ti àtijọ́ dára jù. Ká ní ìwé wà, ẹnikẹ́ni ì bá má lè fi lílé wa kúrò dẹ́rù bà wá. Ṣùgbọ́n bí onílé mi bá kan ilẹ̀kùn nísinsìnyí, tó bi mí léèrè ohun tí mo gbà láti máa ṣe, ẹnu ni n óò kàn là sílẹ̀, n kò ní lè fèsì bí àbúrò mi.