Kòkó Lórí Apá Bàálù

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà ṣì ń bí mi títí di òní, ẹ jẹ́ kí n kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, n kò rí ohun kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sàn-án tí mo ti Àkúrẹ́ dé, tí mo bá kòkó tútù lórí apá bàálù mi.

Bàálù gidi ni mo ń sọ, èyí tí ènìyàn méjì lè wọ̀. Inú àpótí ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ti wá láti òkè òkun, pẹ̀lú ìwé tó nípọn bíi Bíbélì, tó ń sọ ihò tí a ó lu àti ibi tí a ó ti lù ú. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń tò ó nínú gáréèjì ilé mi ní Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní Sátidé. Mọ́tò mi ti gbàgbé bí inú gáréèjì ṣe rí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Pólì a máa bi mí pé, "Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, ṣé ẹ ó já wa sílẹ̀ ní Elegbeka bí ẹ bá ń fò lọ Ìbìní?" Èmi náà a ní ẹni tó bá sanra tó wọn, owó ẹrù ni yóò san.

Apá yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi bò ó, ìṣó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní rífẹ́ẹ̀tì ló sì dè é mọ́ egungun inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní ọgbẹ́ kankan, torí páànù yẹn wà lára ohun tó ń gbé ènìyàn dúró lófurufú. Kí n tó lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Àkúrẹ́, mo gbé e síta, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń mójú tó oko kòkó ilé wa ní Uso. Àwọn olè kò jẹ́ kí kòkó gbẹ lóko mọ́. Bí o bá sá a láàárọ̀, ẹní òfo lo máa ká nírọ̀lẹ́. Ó bá kó tirẹ̀ wá sílé mi, torí ilé mi ní ògiri àti géètì. Ìyàwó mi ṣí géètì fún un, ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ tó ń fi pátákó yí kòkó síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sá síbẹ̀ yẹn?"

"Kòkó ni. Àbí ìwé ti pọ̀ lórí rẹ tó bẹ́ẹ̀, tó o fi gbàgbé ohun tó rán ọ nílé ìwé?"

"Apá bàálù mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi nù ún dáadáa kí n tó da kòkó sí i."

Kòkó tó ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko fún ọjọ́ mẹ́fà, omi tó ń ro lára rẹ̀ kan débi pé ó ń ta ènìyàn nímú. Alumíníọ̀mù kò lè bá a gbé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí i: àmì funfun, ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rífẹ́ẹ̀tì, àti ipa pátákó gbọọrọ.

Ó ṣe mí bíi kí n pariwo. Ṣùgbọ́n ta ló ń pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà? Garawa tó wà nílẹ̀ ni mo ta nípàá. Ó kún fún omi. Ọjọ́ méjì ni mo fi tiro.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbé èyí lọ sókè, ó lè ya mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ṣé orí ilẹ̀ kọ́ ló wà báyìí? Wàá dúpẹ́." Kò dáwọ́ kòkó tó ń yí dúró. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Ohun tó níyì tó báyẹn, kí ló wá ṣe níta?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀dà ni mo fẹ́ kùn nínú gáréèjì. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ará Pólì tó ń fi mí ṣẹlẹ́yà rí i bí wọ́n bá ń kọjá níwájú géètì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fi dírílù yọ rífẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń kùn sínú bí oyin. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi a wá jókòó tì mí, a máa ṣa orí rífẹ́ẹ̀tì sínú abọ́ kí wọ́n má bàa já sínú apá. Kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò ní kó máa lọ. Páànù tuntun gba oṣù márùn-ún kó tó dé láti òkè òkun, mo sì fi ìbínú kàn án mọ́bẹ̀.

Ìbínú yẹn náà ni mo fi ra sìmẹ́ǹtì. Mo da kọnkéré tó fẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí gáréèjì, ó tẹ́jú, ó dán. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá wo ibi tí yóò máa sá kòkó sí.

Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín yí po, ó sì mi orí.

"O ṣeun, àbúrò mi. Ó dára. Ṣùgbọ́n kòkó tètè ń gbẹ lórí páànù yẹn jù ú lọ."

Mo lọ ti gáréèjì pa, mo sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.